Ẹ̀yin Bàbá, Ẹ Fi Ìwọ̀ Tiyín Sílé: Ọ̀rọ̀ Lórí Mímú Ọmọ Wẹ́wẹ́ Lọ Pẹja

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí sọ níbi ìpàdé wa ní Houston, kí àwọn ọmọ tó gba họlidé. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi náà ni mo tẹ̀ ẹ́ síbí.)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbààgbà wa. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ wá síbí tààrà tẹ́ ẹ ò tíì fojú ba oorun, mo rí yín o, èmi náà ti ṣe nọ́ọ̀sì alẹ́ rí, mo mọ bó ṣe ń rí lára. Alága, ẹ ṣeun. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 20, ẹ sì mọ bí àwa ṣe máa ń ṣe tí máìkì bá ti bọ́ sí wa lọ́wọ́, àmọ́ màá gbìyànjú.

Nígbà tí alága pè mí pé kí n wá sọ nǹkan tá a lè máa bá àwọn ọmọ wa ṣe tí iléèwé bá padé, mo ní ẹja ni màá sọ. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Mọ́mì, ẹja tútù ni àbí panla?" Mo ní rárá o, èyí tó ṣì wà nínú omi. Ká kó àwọn ọmọ yìí, ọmọ ọdún 3, ọmọ ọdún 5, ọmọ ọdún 8, ká kó wọn lọ sétí omi, ká ju ìwọ̀ sódò, ká jókòó tì í.

Mo mọ ohun táwọn kan ń sọ nínú. Ẹ ń sọ pé eré òyìnbó nìyẹn. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ṣé òyìnbó làwọn ará Ìlàjẹ ni? Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ Makoko tó jẹ́ pé kí wọ́n tó mọ A B D ni wọ́n ti ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ ojú omi, ṣé òyìnbó làwọn náà? Kódà àwa tá a dàgbà sínú igbó, ta ni nínú wa tí kò gbé agolo mílíìkì tí ekòló wà nínú ẹ̀ lọ sétí odò abúlé bàbá ẹ̀ rí, pẹ̀lú òwú àti ìwọ̀ kékeré? Ẹ nawọ́ sókè kí n rí yín. Hẹ̀n-ẹ́n. Ẹ wo ọwọ́! Ọwọ́ àwọn ìyá gan-an ló pọ̀ jù. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbé wá, òun ló tóbi jù, òun náà ni màá sì pẹ́ lórí ẹ̀ jù. Ẹ̀yin bàbá, tẹ́ ẹ bá ń kó ọmọ wẹ́wẹ́ lọ pẹja, ẹ fi ìwọ̀ tiyín sílé. Ẹ má mú un dání. Ẹ má fi sí bọ́ọ̀tù mọ́tò pé "bóyá tí wọ́n bá sùn." Ẹ fi sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀. Bọ̀dá kan wà, mi ò ní dárúkọ, mi ò sì ní wo apá ibi tí wọ́n jókòó sí. Bọ̀dá yìí lọ ra ọ̀pá ìwọ̀ méjì olówó ńlá, wọ́n ra àpótí tí wọ́n ń kó ohun èlò sí, wọ́n ra fìlà, wọ́n tún ra bàtà ọlọ́mi tó gùn dé orúnkún. Wọ́n kó àwọn ọmọ wọn lọ sí adágún kan, obìnrin ọmọ ọdún 4 àti ọkùnrin ọmọ ọdún 7. Kí wọ́n tó jókòó dáadáa, ẹja kan ti gbé ìwọ̀ bàbá, ó tún bọ́ lọ. Ó parí nìyẹn. Ẹja yẹn ló kù tí bàbá ń wá kiri látàárọ̀ dọ̀sán. Ọmọbìnrin da ekòló sínú bàtà ẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i. Ọmọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkúta sómi, torí kí ni kó ṣe? Bàbá wá pariwo, "Ẹ dákẹ́, ẹ ń lé ẹja lọ!" Nígbà tí wọ́n délé ìyàwó bi wọ́n pé báwo ló ṣe lọ, bàbá ní ó dùn gan-an ni, àwọn ọmọ ní àwọn ò lọ mọ́ láé. Mo wá bi yín, nínú àwọn mẹ́ta yẹn, ta ló lọ pẹja? Bàbá nìkan! Àwọn ọmọ kàn tẹ̀ lé e lọ wo ẹ̀yìn ẹ̀ ni.

Ọwọ́ yín ní láti ṣófo. Torí okùn á lọ́ pọ̀ mọ́ra, á há sígi, á há sára aṣọ àbúrò, ìdẹ á jábọ́, ìtọ̀ á gbọ̀n ọ́n, òùngbẹ á gbẹ ẹ́, á rí kòkòrò kan á fẹ́ fi hàn yín. Iṣẹ́ tiyín nìyẹn ní gbogbo àsìkò yẹn. Ẹni tó ń wo ìwọ̀ tiẹ̀ ò lè ṣe é láìbínú.

Ẹja wo wá ni kẹ́ ẹ lọ bá? Ẹja kékeré ni o. Ẹ̀yin ọkùnrin, mo mọ̀ pé fọ́tò ẹja ńlá lẹ fẹ́ gbé sórí WhatsApp. Ẹ dákun. Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní bluegill, àwọn ará Texas míì kàn máa ń pè é ní perch, ó jọ epìyà kékeré, ó sì pọ̀ nínú gbogbo adágún ibí yìí. Tí ojú ọjọ́ bá ti móoru, etí bèbè ló máa ń wà, lábẹ́ afárá, lẹ́bàá koríko, kò sì lójú tì rárá, tó bá ti rí ekòló tàbí búrẹ́dì á ti já a. Ìwọ̀ kékeré lẹ máa lò, ẹ̀rún ekòló bíńtín, kẹ́ ẹ wá so bọ́ọ̀lù kékeré pupa-àti-funfun tó ń léfòó yẹn mọ́ okùn, èyí tí wọ́n ń pè ní bobber. Bọ́ọ̀lù yẹn ni ọmọ ọdún 3 máa wò. Tó bá rì báyìí, ẹ̀ẹ́ gbọ́ igbe! Ẹja tó ń gbé e rì ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ o, àmọ́ lójú ọmọ yẹn, ẹja tó gbé Jónà mì ló fà jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ibi tẹ́ ẹ máa lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí páàkì àti ẹranko, Texas Parks and Wildlife, ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Neighborhood Fishin', wọ́n máa ń kó ẹja wá dà sínú adágún àárín ìlú, catfish lásìkò ooru, trout nígbà òtútù. Mary Jo Peckham Park wà ní Katy, Burke Crenshaw Park wà ní Pasadena. Ohun tí mo fi fẹ́ràn irú ibẹ̀ ni pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ibi tí ọmọ ti lè ṣeré sì wà. Ọmọ ọdún 4 á pẹja fún ìṣẹ́jú 15, á ní ó sú òun, á lọ fì lórí jangirọ́fà, á tún padà wá. Ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ má sọ fún un pé "ṣebí ìwọ lo ní o fẹ́ wá."

Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì, mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ò nílò láísẹ́ǹsì láti pẹja ní Texas. Ẹ̀yin àgbà ló nílò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ọwọ́ yín ò ní gbélẹ̀, pé ẹ̀ẹ́ gba ọ̀pá lọ́wọ́ ọmọ, ẹ yáa lọ rà á, torí game warden, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń rí sí òfin ẹja àti ẹranko, tó bá ká yín mọ́bẹ̀ ò mọ "ẹ jọ̀ọ́ sà." Àmọ́ tẹ́ ẹ bá lọ sí state park, páàkì tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀, tẹ́ ẹ dúró sórí ilẹ̀ tàbí lórí afárá ìpẹja níbẹ̀, àgbà gan-an ò nílò láísẹ́ǹsì, ọmọ tó bá sì jẹ́ ọdún 12 sísàlẹ̀ ò ní san owó ẹnubodè. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà lọ́dọọdún, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo èèyàn, níbikíbi nínú ìpínlẹ̀ yìí. Ọ̀pá ìwọ̀ ńkọ́? Àwọn páàkì kan wà tí wọ́n á yá yín lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹní ń yá ìwé ní láíbìrì, ẹ̀ẹ́ lò ó ẹ̀ẹ́ dá a padà. Kí lẹ wá fẹ́ ra ọ̀pá olówó ńlá ṣe fún ọmọ tí kò tíì mọ okùn bàtà ẹ̀ í dè?

Kí n tó kúrò lórí èyí. Ẹ tètè máa kúrò níbẹ̀. Tí ọmọ bá ṣì ń sọ pé "ẹyọ kan sí i, ẹyọ kan sí i," ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Mo mọ òwe tẹ́ ẹ fẹ́ pa fún mi, pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, pé kó jókòó síbẹ̀ kó kọ́ sùúrù. Ìrókò lẹni tó pòwe yẹn ń wò o, kò rí ọmọ ọdún 3 tí oorun ń kùn, tí oòrùn pa, tí ẹ̀fọn tún ń jẹ. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òwe tèmi nìyẹn. Wákàtí kan tó dùn á mú kó bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ tún mú òun lọ. Ooru Houston gan-an ò sì gbà yín láyè, ẹ débẹ̀ ní ìdájí, kẹ́ ẹ ti kúrò kó tó di aago mẹ́wàá.

Ó yá, ọ̀rọ̀ kejì. Omi. Ibí yìí ni mi ò ti ní ṣàwàdà.

Ní Amẹ́ríkà yìí, láàárín ọmọ ọdún 1 sí ọdún 4, kò sí ohun tó ń pa wọ́n tó rírì sómi. Kì í ṣe ibà, kì í ṣe mọ́tò. Omi ni. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, omi ni. Ọmọ tó ń rì kì í pariwo bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú fíìmù, kì í ju ọwọ́, ẹnu ẹ̀ wà nísàlẹ̀, èémí ló ń wá, kò ráyè igbe. Ẹ lè wà níwájú ẹ̀ kẹ́ ẹ máa pín jọ̀lọ́ọ̀fù kẹ́ ẹ má gbọ́ nǹkan kan. Ẹ sì mọ bí òde tiwa ṣe máa ń rí, ànńtí méje, bọ̀dá márùn-ún, gbogbo èèyàn ń sọ pé "a ń wò wọ́n," gbogbo wa la jókòó, kò sì sẹ́ni tó ń wo nǹkan kan. Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ yan ẹnì kan. Kí onítọ̀hún fẹnu ẹ̀ sọ ọ́ sókè: "Èmi ni mò ń wò wọ́n báyìí." Kó fi fóònù sápò. Tó bá rẹ̀ ẹ́, kó pe ẹlòmíì lórúkọ kó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kí ìyẹn náà sọ tiẹ̀ sókè. Ẹ má sì sọ fún mi pé ọmọ yín ti kọ́ omi wíwẹ̀ ní YMCA. Òmùwẹ̀ lomi ń gbé lọ, bàbá wa ló sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ swimming pool kankan.

Life jacket, nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré, òfin Texas ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ tí ọkọ̀ bá ń lọ. Tèmi ni pé kí ọmọ kékeré wọ̀ ọ́ lórí ilẹ̀ náà, lórí afárá náà. Wọ́n á sunkún. Kí wọ́n sunkún.

Ìwọ̀ fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi pliers tẹ ẹ̀gún kékeré tó wà lẹ́nu ẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹja á ṣì mú un, àmọ́ tó bá wọ ìka ọmọ á tètè jáde. Kí ọmọ wọ fìlà, kó wọ awò ojú. Ẹnì kan ló ń ju ìwọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má dúró sẹ́yìn ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ojú ni ìwọ̀ há sí, ẹ má fà á! Ẹ gé okùn, ẹ gbé ọmọ lọ sí ẹmájẹ́ńsì. Catfish sì ní ẹ̀gún lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbá a mú, ẹ má fún ọmọ.

Alágbára ibẹ̀ wá kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn Brazos Bend, state park tó wà lọ́nà Needville, ibẹ̀ dáa gan-an, afárá ìpẹja wà létí 40-Acre Lake, ó wà létí Elm Lake, ẹyẹ pọ̀ tí àwọn ọmọ lè máa wò. Alligator náà pọ̀ níbẹ̀ o! Ẹ̀ẹ́ rí i tó ń yá oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí ẹni tó san owó ilé. Ẹsẹ̀ bàtà 30 ni kẹ́ ẹ fi jìnnà sí i, ó kéré tán. Ẹ má jù búrẹ́dì sí i, òfin kọ̀ ọ́, torí tó bá ti mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn lóúnjẹ ti ń wá, ọwọ́ yẹn náà ló máa wá bá. Ẹja tẹ́ ẹ bá pa, inú kúlà ni kẹ́ ẹ jù ú sí, ẹ má so ó mọ́ okùn sínú omi. Tí alligator bá wá bá ẹja tó wà lẹ́nu ìwọ̀ yín, ẹ gé okùn yẹn kẹ́ ẹ fún un. Ẹ má bá a jà, tiẹ̀ ni.

Àti èèrà o, àwọn èèrà pupa Texas tí wọ́n ń pè ní fire ants. Kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹní, ẹ wo ilẹ̀. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo yín ló ti jẹ rí.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹja tá a ti pa. Ṣé ká jẹ ẹ́ ni àbí ká dá a padà?

Ìyá àgbà kan wá kí ọmọ wọn níbí, ará Ìlàjẹ ni wọ́n, orí omi ni wọ́n bí wọn sí. Èmi náà bá wọn lọ lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ wọn kọ́ ọmọkùnrin ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yọ ẹja lẹ́nu ìwọ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n wá rọra gbé ẹja padà sómi. Ìyá dìde dúró. "Kí lẹ ṣe yẹn? Ẹ jí ní ìdájí, ẹ wa mọ́tò, ẹ mú ẹja, ẹ tún wá ní kó máa lọ? Ṣé ẹ kàn wá gún un lẹ́nu lásán ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Àmọ́ nígbà tó yá, mo rí i pé ọ̀rọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Èwo ló burú jù fún ẹja yẹn, èyí tá a pa jẹ àbí èyí tá a fi ṣeré? Àwọn òyìnbó ní ìdáhùn tiwọn, pé tí gbogbo èèyàn bá ń kó o lọ, kò ní kù. Òótọ́ ni. Ní àwọn adágún àárín ìlú yẹn gan-an, catfish 5 ni òfin gbà kí ẹnì kan kó lọ lójúmọ́, ẹ má kọjá ẹ̀. Ohun tí mo gbà ni pé kí ọmọ mọ èyí tó fẹ́ ṣe kó tó ju ìwọ̀. Tí wọ́n bá máa dá a padà, kí wọ́n fi omi pa ọwọ́, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ níkùn, kí wọ́n ṣe é kíá. Tí wọ́n bá máa jẹ ẹ́, kí wọ́n rí bó ṣe ń di ọbẹ̀.

Torí ìyá yẹn mú catfish tó tẹ̀ lé e, wọ́n pa á lójú ẹsẹ̀. Ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ ọdún 5, dúró ń wò. Ó ní, "Grandma, did it hurt?" Bàbá ẹ̀ ti fẹ́ sọ pé rárá, ẹ mọ bá a ṣe máa ń parọ́ fọ́mọ. Ìyá ní kó túmọ̀ ohun tó sọ fáwọn. Wọ́n wá wo ọmọ yẹn, wọ́n ní, "Ó dùn ún, ọmọ mi. Ìdí nìyẹn tá a fi ń tètè ṣe é." Ọmọ yẹn mi orí, ó sì bi wọ́n pé ikùn ẹja dà. Ó fẹ́ wo ohun tó jẹ. Àbí ẹ rí nǹkan! Ọmọ tí ìyá ẹ̀ ní kò lè jẹ ẹja tó bá ṣì lórí, òun ló ń tọ́ka sí ìfun.

Kẹ́ ẹ tó sè é fún ọmọ, ẹ yẹ ibi tẹ́ ẹ ti pa á wò. Ìjọba ti kìlọ̀ tipẹ́ nípa ẹja tó ti Houston Ship Channel, ọ̀nà omi táwọn ọkọ̀ òkun ń gbà, jáde, torí kẹ́míkà tó wà lára ẹ̀, aboyún àti ọmọdé ò gbọ́dọ̀ fi ṣe oúnjẹ rárá. Ẹ wo ìkéde iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ omi kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn pẹpẹ súùpù, mo ń wò yín.

Ọ̀rọ̀ kẹrin ò gùn. Èdè ni. Nínú mọ́tò, gbogbo wọn ló ti di nǹkan métí. Nílé, tábílẹ́ẹ̀tì. Létí omi, ọwọ́ wọn wà lára ọ̀pá, ojú wọn wà lára bọ́ọ̀lù pupa yẹn, etí wọn ò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe. Ẹ pa àlọ́ fún wọn níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní àpamọ̀, òrúkú tindí tindí, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò, kí wọ́n máa ronú títí wọ́n á fi mú ẹ̀wà jáde. Ẹ sọ ìtàn Laróòyè, ọba Òṣogbo, fún wọn, bí ẹja ṣe ti inú odò Ọ̀ṣun jáde wá tí ọba sì tẹ́wọ́ gbà á. Pásítọ̀, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ìtàn ni mo ní kí wọ́n sọ, mi ò ní kí wọ́n bọ odò.

Ìṣẹ́jú mi ti tán, alága ti ń wo aago. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìbéèrè, mo gbà méjì.

Ìyá ìbejì ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn ò lè fọwọ́ kan ekòló, ó máa ń bì. Ẹ má fipá mú un. Ẹ fún un ní búrẹ́dì kó máa fi ọwọ́ rún un, tàbí kẹ́ ẹ gé hot dog wẹ́wẹ́, catfish fẹ́ràn ẹ̀ dáadáa. Èkejì ẹ̀ tó fẹ́ràn ekòló, òun ni kẹ́ ẹ fi ṣe olórí agolo.

Bọ̀dá tó wà lẹ́yìn náà ní àwọn ò tíì pẹja rí láyé àwọn, ṣé kí àwọn lọ kọ́ ọ ná kí àwọn tó mú ọmọ lọ? Rárá o. Ẹ jọ lọ kọ́ ọ. Àwọn ará Texas Parks and Wildlife máa ń kọ́ ìdílé lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á kó ọ̀pá wá, wọ́n á fi bí wọ́n ṣe ń so ìwọ̀ mọ́ okùn hàn yín. Kí ọmọ yín rí yín níbi tẹ́ ẹ ti ń so ó tó ń tú. Àfi kẹ́ ẹ má jẹ́ kó gbọ́ èpè tẹ́ ẹ máa ṣẹ́.